Ìyá Ìṣẹ́jú Kan

Ẹ má bi mí ní orúkọ ilé ìwòsàn wa, n kò ní sọ ọ́. Ìkòsì ló wà, kò jìnnà sí ọjà Mile 12, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti ọ̀hún, òórùn tòmátì tó ti rọ̀ ló ń wọlé bá wa ní wọ́ọ̀dù. Ọdún kẹrìnlélógún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ rè é. Àpínkẹ́ lorúkọ mi. Ẹnu mi mú, gbogbo dókítà tó ti bá wa ṣiṣẹ́ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti pa ẹnu mi mọ́ lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màríyámọ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, Ìyá Ìṣẹ́jú Kan ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Wọn ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ o, ta ló fẹ́ kú? Ohun tó fà á ni pé tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ mọ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, ó máa fi ìka lé iṣan ọrùn ọwọ́ ẹ̀, á máa kà á. Ẹni tó bá ń kánjú á kà á fún ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú, á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo wa là ń ṣe é. Màríyámọ̀ kì í gbà. Á dúró lé ọmọ náà lórí, á na aago tó há mọ́ àyà aṣọ ẹ̀ sí i lójú. "Ìṣẹ́jú kan gbáko! Ṣé ìṣẹ́jú kan ti wá pọ̀ jù fún ẹ̀mí èèyàn ni?" Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka aláìsàn wà ńlẹ̀, ó ń ka tiẹ̀, ó ń tàn yanranyanran. Kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi fi ọwọ́ ara wọn kà á tán.

Ó tún máa ń sọ fún wọn pé adúpẹ́ kì í ṣe ìròyìn. "Ẹ bi Yorùbá pé báwo lara, ó ní adúpẹ́. Ẹni tó ń kú lọ á ní adúpẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú fáìlì fún mi." Ọmọ kan tó ń jẹ́ Jessica sì kọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó fi òyìnbó dídán kọ ọ́ pé aláìsàn ń dúpẹ́ gan-an ni. Ẹsẹ̀ bàbá náà sì ti wú bí ìrọ̀rí, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. A rẹ́rìn-ín títí, Màríyámọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ju adúpẹ́ lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, á kó wọn jọ sí yàrá ìpàdé, á kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: ÀYÀ MI Ń JÁ. Á ní, "Aláìsàn sọ báyìí fún yín. Kí lẹ máa ṣe?"

Gbogbo wọn á ní, "A máa fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀, Ma."

"Irọ́! Ẹ máa kà á. Èdè wa yìí ló máa ń tàn wá. Ẹni tí ajá lé, àyà ẹ̀ ń já. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára ẹ̀, tí ọkàn ẹ̀ ń sáré kiri láti fi ìwọ̀nba tó kù gbé e ró, àyà tiẹ̀ náà ń já, ẹnu kan náà ló sì máa fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ò mọ èyí tó jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Ẹ fọwọ́ kan ara ẹ̀ bóyá ó tutù. Ẹ tẹ ikùn ẹ̀, ẹ wo ojú ọgbẹ́. BP ọ̀dọ́ a máa pẹ́ kó tó wálẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá dáa tán ni kí ẹ tó bi í pé, 'Ẹ̀rù kí ni?'"

Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ìtàn nọ́ọ̀sì kan tí kò kà á, tí obìnrin kan sì kú. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kan. Kì í dárúkọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ara ẹ̀ ló ń sọ.

Ṣakí ni bàbá Màríyámọ̀ ti wá. Ó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kétu, inú yàrá kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ló sì ti tọ́ ọmọ méjì, Màríyámọ̀ àti Lará. Ìyá wọn kú nígbà tí Lará wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Màríyámọ̀ sì jẹ́ méjìlá. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń dirun fún un, òun ló ń mú un lọ sílé ìwé. Ojo sì ni Lará, kí Ọlọ́run forí jì í. Tí òjò bá ṣú, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já." Tí ajá bá gbó ní òpópónà kejì, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já." Ìgbà tó wá fẹ́ Akínbíyì, tó ń wa yanrìn lódò ní Agbóyì, tó di pé ọkọ̀ ojú omi ló gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó délé ọkọ, yéè! Màríyámọ̀ ló máa ń dì í lọ́wọ́ mú títí yóò fi jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín ara wọn.

Lọ́dọ̀ wa ni Lará ti bímọ. Obìnrin ló bí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo nǹkan lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi àti Màríyámọ̀ la wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní aago kan, mo lọ wo Lará. Mo wo páàdì ẹ̀, ó gbẹ. BP ẹ̀ dáa. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ẹ̀jẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo lọ jẹun. N kò tẹ ikùn ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: n kò tẹ ikùn ẹ̀. Ẹ̀wà àti dòdò ló wà níwájú mi.

Lará ní òùngbẹ ń gbẹ òun, Màríyámọ̀ fún un lómi. Ó tún béèrè omi. Ó ń yán, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì lórí ìrọ̀rí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já."

Màríyámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ojo! O ti bímọ tán, kí ló tún kù tó ń bà ẹ́ lẹ́rù? Má bẹ̀rù, Ọlọ́run ń bẹ." Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú bó ṣe máa ń dì í mú létí odò, ó ń ka àdúrà sí i. Ọrùn ọwọ́ ló dì mú. Ibi tí iṣan wà gan-an ni ìka ẹ̀ wà. Kò kà á. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rántí pé nǹkan kan ń ta pìpì lábẹ́ ìka òun, òun rò pé ayọ̀ ọmọ tuntun ni.

Lará wá dákẹ́. Màríyámọ̀ rò pé ó sùn ni. Ìgbà tí mo padà dé, mo wo ètè ẹ̀, ó ti funfun. Mo tẹ ikùn ẹ̀, ilé ọmọ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Inú ló ti ń kó jọ sí láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà, òun ni páàdì fi gbẹ. Dókítà sáré dé, wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára, a ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Kò tó aago mẹ́rin tó fi kú. Màríyámọ̀ kò pariwo. Ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó wá ń kà á. Ó ń kà á, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ó ṣì ń wo aago. Èmi ni mo já ìka ẹ̀ kúrò.

Akínbíyì ló sọ ọmọ náà ní Fẹ́rànmí. Kò pé ọdún méjì tó fi kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, a ò sì dá a lẹ́bi. Màríyámọ̀ ló tọ́ ọmọ. Àwọn ọkùnrin wá, ó lé wọn. Tèmi ni kí n máa pariwo pé, "Màrí, o ò kú mọ́ Lará o!" Fẹ́rànmí mọ̀ pé ìyá òun kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, àti pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló ń tọ́ òun. Àmúwá Ọlọ́run ni wọ́n sọ fún un. Mummy ló ń pe Màríyámọ̀, Mummy yẹn sì dùn lẹ́nu ẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò máa ń sín in jẹ. Láti ẹnu géètì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Mummy! Mummy mi! Mo ti dé o!"

Ọmọ náà ló fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa náà ni ilé ẹ̀kọ́ wọn sì kó wọn wá, ó ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Màríyámọ̀ kìlọ̀ fún un. "Ní wọ́ọ̀dù, èmi kì í ṣe Mummy ẹ o. Kí wọ́n má baà ní mò ń ṣe ojúsàájú. Ma ni kí o máa pè mí." Fẹ́rànmí rẹ́rìn-ín, ó kí i bíi sójà: "Yes, Ma!"

Èmi ò lè sùn. Láàárọ̀ mo fa Màríyámọ̀ sí kọ̀rọ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́, fo ìtàn yẹn lọ́dún yìí. Sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á, ó parí."

Ó ní, "Àṣẹ lásán nìyẹn, Àpínkẹ́. Wọ́n á ti gbàgbé ẹ̀ kí wọ́n tó dé Kétu. Ìtàn yẹn ló ń mú wọn kà á."

"Tí ọmọ ẹ bá wá fura ńkọ́?"

Ó tún aago há mọ́ àyà aṣọ ẹ̀. "Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó nítorí ọmọ mi, tí Lará mìíràn tún kú lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé. Ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó bú mọ́ wọn bó ṣe máa ń ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn: nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kan. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé, "Obìnrin náà ní, 'Nọ́ọ̀sì, àyà mi ń já.'" Lọ́jọ́ yẹn, ó gbójú sókè, ó rí Fẹ́rànmí níwájú pẹ̀lú ojú Lará, pẹ̀lú eyín Lará, ó ní, "Obìnrin náà ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já.'"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó bọ́ ni àbí ó jù ú.

Fẹ́rànmí nawọ́ sókè. "Ma, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní 'ẹ̀gbọ́n mi'. Ṣé àbúrò nọ́ọ̀sì yẹn ni?"

Ìdáhùn wà ńlẹ̀! Ní Èkó yìí, ta ni kì í pe ẹni tó jù ú lọ ní ẹ̀gbọ́n? Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pè é, ẹni tó ń ta káàdì ń pè é. Ká ní ó sọ ìyẹn ni, ọ̀rọ̀ tán. Mo ń fi ojú sọ ọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà: sọ ọ́, Màrí, sọ ọ́ kíá!

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò ẹ̀ ni."

"Ọmọ náà ńkọ́, Ma?"

"Ó yè."

Fẹ́rànmí rọra pa ìwé ẹ̀ dé. Àwọn yòókù ò mọ nǹkan kan, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Mo tẹ̀ lé Màríyámọ̀ lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, n kò lè jẹ́ kó dá lọ. Fẹ́rànmí ti wà ní pálọ̀, lórí ìdúró. Ó ní, "Ṣé ẹ ò kà á rárá ni?"

"N kò kà á."

"Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú."

"Mo dì í mú, ọmọ mi. N kò kà á."

Ọmọ náà wá kọjú sí mi. "Aunty Àpínkẹ́, ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo ti lọ jẹun." Òótọ́ kúkú ni, àbí? Mo lọ jẹun. Màríyámọ̀ gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ ẹni tó wo páàdì. Ó mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ó gbójú sílẹ̀, kò tú àṣírí mi.

Fẹ́rànmí ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi, Ma."

Ma. Nínú ilé! Ní pálọ̀ tó ti kọ́ ìrìn, lójú ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n! Màríyámọ̀ di àga mú. Ó fẹ́ sọ pé, "Kì í ṣe wọ́ọ̀dù nìyí," mo rí i lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Òun ló kọ́ ọ kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kò bú u o, kò gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ká ní ó bú u, ì bá sàn. Ó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń wá ní ọjọ́ Sunday, á kúnlẹ̀, á fọ abọ́, á lọ aṣọ iṣẹ́ Màríyámọ̀. "Ẹ káàsán, Ma. Ṣé ẹ ti jẹun, Ma?" Mo bínú sí i nígbà kan, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń san oore nìyẹn. Màríyámọ̀ ló dá mi dúró. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló kú."

Oṣù kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ fún ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, Rahmon, pé àyà òun ń já. Páàdì gbẹ. BP dáa. Rahmon kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó lé ní ọgọ́fà. Ó tẹ ikùn, ilé ọmọ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó pariwo pe dókítà, obìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n sọ fún Màríyámọ̀, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Èmi náà sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọdún méjì kọjá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màríyámọ̀ fúnra ẹ̀, fáíbírọ́ọ̀dù ni, ní wọ́ọ̀dù wa náà. Fẹ́rànmí ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn, òun ni wọ́n sì pín sí ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́ẹ̀dì Màríyámọ̀ wà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kejì, mò ń pààrọ̀ omi tí wọ́n ń fà sára ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tí Màríyámọ̀ pè é.

"Fẹ́rànmí."

"Ma."

"Àyà mi ń já."

Ọwọ́ mi dúró níbi tó wà. Ọmọ náà kò sọ pé kó má bẹ̀rù. Ó fà á lọ́wọ́ rọra, ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ẹ̀, ó gbójú lé aago. Ìṣẹ́jú kan gbáko. N kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ètè ẹ̀, ó tẹ èékánná ẹ̀ wò, ó ká aṣọ, ó wo ojú ọgbẹ́, ó tẹ ikùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo BP. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún, Ma. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ikùn yín ò le, kò wú. Ara yín móoru. Ẹ̀rù ni, Ma." Ó wá ka ẹsẹ tó kù, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: "Ẹ̀rù kí ni?"

Màríyámọ̀ ní, "Ẹ̀rù pé mo máa kú kí o tó tún pè mí ní Mummy."

Bírò ọmọ náà dúró lórí ìwé. Mo ń sọ nínú ara mi pé, pè é, pè é, ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ni! Ó fa aṣọ bo Màríyámọ̀ dé àyà, ó tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe.

"Mo máa padà wá kà á ní wákàtí kan sí i, Ma."

Ó padà wá lóòótọ́. Ó kà á. Ó ní, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Ma."

Màríyámọ̀ ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń na aago sí àwọn ọmọ lójú. Ma ni Fẹ́rànmí ṣì ń pè é. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Láàárọ̀ àná, Fẹ́rànmí pàdé mi lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí Lará.

"Aunty Àpínkẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ o!"

Àyà mi já. N kò kà á, mo mọ èyí tó jẹ́. Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi," mo sì tẹ̀ lé e wọlé.